Táyà ńlá lẹ́sẹ̀ ọkọ̀: ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà, ẹ mú ìwé yìí dání, ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹ mú bírò àti ìwé kékeré kan sún mọ́ ọwọ́.

Gbogbo wa la mọ bí ọ̀nà oko ṣe máa ń rí nígbà òjò. Pàápàá níbi tí ilẹ̀ dúdú bá wà, bí ilẹ̀ Lama, amọ̀ á rọ̀, á sì máa lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Ọkọ̀ tó kó ẹ̀gẹ́, àgbàdo tàbí òwú á rì sínú rẹ̀. Ikùn rẹ̀ á jókòó lórí ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa yí lásán. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ní ọkọ̀ 4x4 fi máa ń fẹ́ fi táyà tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i. Táyà ni rọ́bà ẹsẹ̀ ọkọ̀, tí àwọn awakọ̀ wa ń pè ní pneu.

Táyà ńlá wúlò nínú ẹrẹ̀. Ó ń gbé ikùn ọkọ̀ sókè, ó sì ń tètè jáde nínú kòtò. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀: ó ń gba agbára. Bí ẹ bá fi táyà ńlá sí ọkọ̀, tí ẹ kò wo irin eléyín tó wà ní ìdí rẹ̀, ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ kó lágbára á di ọ̀lẹ. Àwọn àgbà wí pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ìwọ̀n táyà náà ni ìwọ̀n irin eléyín. Ẹni tó bá yí ọ̀kan padà ti fọwọ́ kan èkejì, bó mọ̀, bí kò mọ̀.

1. Kí ló wà ní ìdí ọkọ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ìdí ọkọ̀ ẹrù kan. Láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, ẹ ó rí irin kan tó rí roboto bí igbá. Àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe ń pè é ní pont. Ọ̀pá irin gígùn kan ti iwájú wá, ó wọ inú igbá náà. Ọ̀pá yìí ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnì wá fún ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Nínú igbá náà, irin eléyín méjì ló wà níbẹ̀ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan kéré, ọ̀kan tóbi. Kékeré wà ní orí ọ̀pá gígùn. Ńlá ló ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Eyín kékeré ń ti eyín ńlá, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ṣe ń lọ.

Bí èyí kò bá yé yín, ẹ wo alùpùpù. Irin eléyín kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì. Irin eléyín ńlá wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn. Ṣéènì ló so wọ́n pọ̀. Ká ní kékeré ní eyín 14, tí ńlá sì ní eyín 42. Ẹ fi 14 pín 42, ó jẹ́ 3. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kékeré gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan.

Bí ẹni tó ń gun zémìjàn bá fi irin tí eyín rẹ̀ pọ̀ ju 42 lọ sẹ́yìn, alùpùpù rẹ̀ á lágbára láti gbé ẹrù gun òkè, ṣùgbọ́n kò ní lè sáré tó ti tẹ́lẹ̀. Bó bá fi èyí tí eyín rẹ̀ kéré sí 42 síbẹ̀, eré á pọ̀, agbára á dín kù. Kò sí bí a ṣe lè gba méjèèjì pọ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ọkọ̀. Iye tí a bá rí nígbà tí a fi eyín kékeré pín eyín ńlá, a ó máa pè é ní ìwọ̀n eyín.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ. Land Cruiser kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ FJ40. Ilé iṣẹ́ Toyota ṣe irú ọkọ̀ náà láti 1960 títí di 1984. Nínú àwọn kan, irin ńlá ní eyín 37, kékeré ní 9. Ẹ fi 9 pín 37, ó jẹ́ 4,11. Nínú àwọn mìíràn, irin ńlá ní 37, kékeré ní 10. Ìwọ̀n eyín wọn jẹ́ 3,70. Ọ̀pọ̀ Land Rover àtijọ́ ní 47 àti 10, ìyẹn 4,70.

Ẹ kọ èyí sílẹ̀: ìwọ̀n eyín tó tóbi ń fúnni ní agbára púpọ̀ àti eré díẹ̀. Ìwọ̀n eyín tó kéré ń fúnni ní eré púpọ̀ àti agbára díẹ̀.

2. Kí ni táyà ńlá ń ṣe sí agbára?

Ẹ gbé agbè omi kan mọ́ àyà. Kò nira. Ẹ wá na apá yín tán, kí ẹ gbé agbè kan náà sí ìkángun ọwọ́. Lójú ẹsẹ̀, apá á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Omi kò pọ̀ sí i. Apá kò sì sọ agbára rẹ̀ nù. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹrù ti jìnnà sí ara.

Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ẹsẹ̀ ọkọ̀. Àárín ẹsẹ̀ ọkọ̀ dà bí èjìká, ilẹ̀ tí táyà ń tẹ̀ dà bí ọwọ́. Bí táyà bá tóbi, ilẹ̀ jìnnà sí àárín. Ẹ́ńjìnì kan náà ni, epo kan náà ni, ṣùgbọ́n agbára tó dé ilẹ̀ ti dín kù.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀? Ọkọ̀ á lọ́ra láti gbéra. Gíà tó ń fi gun òkè tẹ́lẹ̀ kò ní lè gùn ún mọ́. Awakọ̀ á máa fi ẹsẹ̀ ré embrayage kí ẹ́ńjìnì má bàa kú, embrayage náà á sì jó láìpẹ́. Epo á máa lọ, ẹrù á máa pẹ́ lọ́nà.

3. Bí a ṣe ń fi okùn wọn táyà

Ẹ kò nílò ẹ̀rọ kankan. Ẹ ṣe é báyìí:

Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ títẹ́jú tó le. Afẹ́fẹ́ inú táyà gbọ́dọ̀ pé.
Ẹ fi ẹfun sàmì sí ara táyà níbi tó ti kan ilẹ̀. Ẹ sàmì sí ilẹ̀ náà.
Ẹ ti ọkọ̀ lọ síwájú jẹ́jẹ́ títí àmì ara táyà á fi padà kan ilẹ̀.
Ẹ sàmì sí ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.
Ẹ na okùn láti àmì kìíní dé àmì kejì, kí ẹ sì wọn okùn náà.

Iye tí ẹ rí ni ọ̀nà tí táyà ń rìn nígbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wọn ti táyà àtijọ́. Bí ẹnìkan bá ti ní ọkọ̀ tó wọ irú táyà ńlá tí ẹ fẹ́ rà, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ẹ wọn tirẹ̀ náà kí ẹ tó náwó.

4. Ìṣirò tó ń sọ òtítọ́

Ká ní táyà àtijọ́ ń rin sẹ̀ǹtímítà 230 nígbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Táyà ńlá ń rin 258. Ìwọ̀n eyín tó wà ní ìdí ọkọ̀ jẹ́ 4,11. Ìwọ̀n eyín wo ló yẹ kí a wá kí ọkọ̀ lè rí agbára rẹ̀ gbà padà?

Ìṣirò náà nìyí:
ìwọ̀n eyín àtijọ́ × táyà tuntun ÷ táyà àtijọ́.

4,11 × 258 = 1060,38
1060,38 ÷ 230 = 4,61

Nítorí náà, 4,61 ló yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè rí gbogbo ìwọ̀n rà. Eyín kì í ní ààbọ̀. Ó gbọ́dọ̀ pé. Fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tó wọ́pọ̀ lọ́jà lẹ́yìn 4,11 ni 4,56 àti 4,88. Eyín 41 àti 9 ló ń fúnni ní 4,56. Eyín 39 àti 8 ló ń fúnni ní 4,88. 4,56 ló sún mọ́ 4,61 jù.

Ẹ wo iye ìgbà tí ọ̀pá gígùn ń yí kí ọkọ̀ tó rin kìlómítà 1. Bí ó bá yí púpọ̀, agbára pọ̀. Bí ó bá yí díẹ̀, agbára dín kù.

Táyà 230, ìwọ̀n eyín 4,11: ọ̀pá yí bí ìgbà 1790.
Táyà 258, ìwọ̀n eyín 4,11: ọ̀pá yí bí ìgbà 1590.
Táyà 258, ìwọ̀n eyín 4,56: ọ̀pá yí bí ìgbà 1770.
Táyà 258, ìwọ̀n eyín 4,88: ọ̀pá yí bí ìgbà 1890.

Ẹ wo ìlà kejì dáadáa. Ẹni tó fi táyà ńlá sí i, tí kò fọwọ́ kan irin eléyín, ti sọ agbára tó tó 11 nù nínú 100. Bí ẹni pé ó ti yọ 4,11 kúrò, tó sì fi 3,66 sí i ni. Ìlà kẹta dá ọkọ̀ padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ó ku díẹ̀ ṣín-ín. Ìlà kẹrin fi agbára kún un ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

5. Èwo ni kí a yàn?

Ẹnìkan lè béèrè pé: “Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé kí a máa ra èyí tó tóbi jù ni?” Rárá o. Iṣẹ́ tí ọkọ̀ ń ṣe ni kí ẹ wò.

Bí ọkọ̀ bá ń rin ọ̀nà ọ̀dà lọ́pọ̀ ìgbà, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń wọ oko, ẹ mú èyí tó sún mọ́ ìṣirò jù. Nínú àpẹẹrẹ wa, 4,56 ni.

Bó bá jẹ́ inú oko, ẹrẹ̀ àti òkè ni iṣẹ́ rẹ̀, tó ń kó ẹrù wúwo lójoojúmọ́, ẹ lè mú èyí tó ga jù ú lọ, ìyẹn 4,88. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé lórí ọ̀dà, ẹ́ńjìnì á máa ké, á sì máa mu epo. Ẹ tún wo irin kékeré náà: eyín 8 péré ló ní. Nínú igbá kan náà, bí ìwọ̀n eyín bá ṣe ń ga tó ni irin kékeré ń kéré sí i tó, tí agbára tirẹ̀ sì ń dín kù.

Bí ìyàtọ̀ láàárín táyà méjèèjì bá kéré, bíi 3 tàbí 4 nínú 100, ẹ fi irin eléyín sílẹ̀. Owó rẹ̀ kò yẹ ní nínáwó.

6. Bí a ṣe ń mọ ìwọ̀n eyín láì tú ọkọ̀

Ẹni tó ń ta ọkọ̀ lè sọ pé 4,11 ni. Ẹ má gbà á láì kà á. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ títẹ́jú. Ẹ fi òkúta tàbí igi dí àwọn ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn wọn. Ẹ fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ṣoṣo sókè, kí ẹ sì fi nǹkan tó le ti ọkọ̀ lábẹ́, kó má bàa já. Ẹ yọ gíà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ o. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ ti wo ọ̀pá gígùn.

Ẹ fi ẹfun sàmì sí táyà àti sí ọ̀pá gígùn. Kí ẹnìkan fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ náà ní ìgbà 20. Kí ẹnìkejì ka iye ìgbà tí ọ̀pá yí. Ẹ fi 10 pín in. Bí ọ̀pá bá yí ní ìgbà 41 àti díẹ̀, 4,11 ni. Bó bá yí ní 45 àti ààbọ̀, 4,56 ni. Kí ló dé tí ẹsẹ̀ yí ní 20, tí a sì ń fi 10 pín? Nítorí pé nígbà tí ẹsẹ̀ kan bá dúró nílẹ̀, tí ẹsẹ̀ kejì ń yí, irin ńlá inú igbá ń yí ní ìdajì péré.

7. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀

Ìkíní: ọkọ̀ 4x4 ní pont méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ìwọ̀n eyín méjèèjì gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Bí ti ẹ̀yìn bá jẹ́ 4,56, tí ti iwájú sì ṣì jẹ́ 4,11, ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn á máa bá ara wọn jà nígbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Irin á ṣẹ́. Nítorí náà, ẹ ka owó lọ́nà méjì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìkejì: irin ńlá àti kékeré dà bí ìbejì. Pọ̀ ni wọ́n ń ṣe wọ́n, pọ̀ ni kí ẹ rà wọ́n. Ẹ má ra kékeré lọ́wọ́ ẹnìkan, kí ẹ ra ńlá lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ìkẹta: ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dájú ni kí ó fi í sí i. Ààyè tó wà láàárín eyín àti eyín kò ju bí irun mélòó kan lọ. Bó bá há jù, á gbóná, á jó. Bó bá dẹ̀ jù, eyín á kán. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ á fi ọ̀dà kun eyín, á yí i, á sì wo ibi tí wọ́n ti ń kanra. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìkẹrin: irin tuntun ń fẹ́ sùúrù. Epo inú pont gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, kó sì jẹ́ irú èyí tí ilé iṣẹ́ ní kí a lò. Ní ọjọ́ kìíní, ẹ rìn díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tún rìn. Ẹ má di ẹrù wúwo rù ú títí yóò fi rin bíi kìlómítà 800. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ epo náà.

8. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí

Ẹ̀yin ará, èyí ló ṣe pàtàkì jù. Irin eléyín lè dá agbára ẹ́ńjìnì padà. Kò lè dá agbára ìjánu padà.

Ẹ rántí agbè omi. Bí táyà bá tóbi, ilẹ̀ jìnnà sí àárín, ìjánu náà sì ní láti ṣiṣẹ́ jù kó tó dá ọkọ̀ dúró. Ìjánu tó ń tó tẹ́lẹ̀ lè má tó mọ́, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀ lókè pẹ̀lú ẹrù. Bí ẹ kò bá sì yí irin eléyín padà, ẹ́ńjìnì pàápàá kò ní lè fa ọkọ̀ sẹ́yìn tó ti tẹ́lẹ̀. Ìdí méjì nìyẹn tí ọkọ̀ fi lè já mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́. Ẹ yẹ ìjánu wò kí ẹ tó fi táyà ńlá rìn. Ẹ dín ẹrù kù. Ẹ dín eré kù.

Aago tó ń fi eré hàn náà lè tan yín jẹ. Nínú àpẹẹrẹ wa, bí aago bá fi 60 hàn, eré tí ọkọ̀ ń sá gan-an jẹ́ 67. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ tí aago rẹ̀ ń ti ara àpótí gíà gba ìròyìn, bí ẹ bá fi 4,56 sí i, aago á fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ òtítọ́ padà: 60 á jẹ́ bí 61.

Táyà ńlá tún ń gbé ọkọ̀ sókè. Ti àpẹẹrẹ wa gbé e sókè ní bíi sẹ̀ǹtímítà 4 àti ààbọ̀. Ìyẹn dára fún ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ga ń tètè ṣubú ní kọ́nà. Kí ènìyàn má ṣe jókòó sórí ẹrù o.

9. Kí ẹ tó náwó

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé táyà ńlá la nílò ní tòótọ́? Nígbà mìíràn, táyà tó tóbi bí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ jinlẹ̀ fún ẹrẹ̀, ti tó. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ 4x4 ní ọ̀pá gíà kékeré kejì tó ń fi agbára kún un nínú ẹrẹ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í sì lò ó. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Bí ẹrù kò bá pọ̀, ẹ lè dín afẹ́fẹ́ táyà kù díẹ̀ láti jáde nínú ẹrẹ̀, kí ẹ sì fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó gun ọ̀dà. Gbogbo èyí kò ná yín ní owó púpọ̀.

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ẹgbẹ́ ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnìkan dá pinnu. Ẹ fi okùn wọn táyà lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ ṣe ìṣirò náà sórí pátákó. Owó táyà, owó irin eléyín méjì, owó òṣìṣẹ́, owó ìjánu: ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, ẹ rò wọ́n pọ̀. Ìgbà náà ni kí ẹ tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ọkọ̀ kan ní ìwọ̀n eyín 4,10. Táyà rẹ̀ àtijọ́ ń rin sẹ̀ǹtímítà 220 nígbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Táyà tuntun ń rin 242. Ìwọ̀n eyín wo ló yẹ? Nínú 4,56 àti 4,88, èwo ló sún mọ́ ọn jù? Ẹ ṣe é fúnra yín kí ẹ tó wo ìdáhùn.

Ìdáhùn: 4,10 × 242 = 992,2. Ẹ fi 220 pín in, ó jẹ́ 4,51. Nítorí náà, 4,56 ló sún mọ́ ọn jù.

Ẹni tó bá gbà á, ó kú iṣẹ́. Ẹni tí kò bá gbà á, kó tún un ṣe, kó sì bi aládùúgbò rẹ̀. Kí á wí fún ni kí ó tó dá ni, àgbà ìjàkadì ni. A ti wí fún ara wa. Ó di ìgbà mìíràn o.